Ọ̀rọ̀ Ìwúrí Tí A Kò Bá Jiyàn

Ohun tó ń pa ẹgbẹ́ àjókòó-gbọ́rọ̀ ládùúgbò, ìyẹn àwọn tó ń péjọ wo fídíò ọ̀rọ̀ ìwúrí, kì í ṣe àìsí iná, kì í sì í ṣe àìsí dátà. Àtẹ́wọ́ ló ń pa á. Fídíò á parí, ilé á gba àtẹ́wọ́, ẹnì kan á ní "ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara," ẹlòmíràn á ní kí Olúwa fún wa ṣe, wọ́n á pín bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá, ó di ọjọ́ mìíràn. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ẹ wo iye tó máa wá lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹni tó bá kàn fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún fídíò lè ṣe é lórí ibùsùn rẹ̀. Ohun tó ń mú èèyàn jáde nílé lọ́sàn-án Sátidé ni pé ó fẹ́ gbọ́ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ máa sọ sí i, pàápàá bí aládùúgbò náà kò bá gbà.

Nítorí náà, gbogbo ohun tí a máa sọ níbí dá lé bí èèyàn 12 sí 25 ṣe lè jókòó ti ọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n fà á síwá sẹ́yìn, ì báà jẹ́ ní gbọ̀ngán kan ní Ṣakí, ní yàrá ìkàwé ní Ìbàdàn tàbí ní pálọ̀ ẹnì kan ní Peckham ní London. Bí wọ́n bá ju 25 lọ, ọ̀pọ̀ ò ní lanu. Bí wọn ò bá tó 8, ẹnì kan ṣoṣo tó lẹ́nu láàárín wọn ló máa sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo ni ká gbọ́?

TED, àjọ tó ń ṣe ìpàdé tí àwọn olùsọ̀rọ̀ ti ń sọ èrò wọn ní kúkúrú, tó bẹ̀rẹ̀ ní California lọ́dún 1984, ni ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ lọ bá, ó sì nídìí. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìṣẹ́jú 18 ni wọ́n sì ń fún olùsọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn máa ń yọ díẹ̀ kọjá. Ìwọ̀n yẹn bá ìjókòó wákàtí méjì mu: 18 fún gbígbọ́, 60 fún àríyànjiyàn, èyí tó kù fún ìkíni, àdúrà, omi, àti àwọn tó máa pẹ́ dé, torí wọ́n máa pẹ́ dé. Ti BBC náà wà, ìyẹn Reith Lectures tí wọ́n ń gbé sórí rédíò lọ́dọọdún, tí Wọlé Ṣóyínká sọ apá márùn-ún nínú rẹ̀ lọ́dún 2004, tí Chimamanda Ngozi Adichie sì sọ ọ̀kan lọ́dún 2022. Àwọn yẹn gùn, wọ́n sì le. Ẹ má fi wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kí atọ́kùn ìjókòó yín gbọ́ apá ìbéèrè tó máa ń kẹ́yìn wọn, kó rí bí èèyàn ṣe ń ta ko ẹni ńlá láìrí i fín.

Bí a ṣe ń yan ọ̀rọ̀ kò le. Ẹ mú bébà kan, ẹ wo fídíò náà tán, kí ẹ wá kọ ohun tí olùsọ̀rọ̀ ṣe, ohun tó fi ṣe é, àti ohun tó ná an. Bí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣófo, tó jẹ́ "gba ara rẹ gbọ́" àti "má jẹ́ kó rẹ̀ ọ́" nìkan lẹ rí kọ, ẹ fi í sílẹ̀. A ò sọ pé irọ́ ni. Kò kàn sí ibi tí èèyàn ti lè dì í mú ni.

Èyí tí a máa ń ní kí ẹgbẹ́ tuntun fi bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ William Kamkwamba, ọmọ Màláwì, tó sọ ní Oxford lọ́dún 2009. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì tó jẹ fún ìrọ̀lẹ́ kan. Ìyàn mú ní ìlú wọn lọ́dún 2001. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹun nílé wọn, lálẹ́, òkèlè nsima mẹ́ta sì ni tẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó ilé-ìwé kò sí, ló bá kúrò. Ó gba ilé ìkàwé kékeré kan lọ, ó ń ka ìwé sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ó ń fi àwòrán inú ìwé mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí i nínú ìwé kan pé ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí lè fa omi, ó sì lè mú iná wá. Ó lọ síbi tí wọ́n ń kó àlòkù irin dà sí, ó rí fáànù katakata, ó rí ṣọ́ọ̀kù, ó rí páìpù PVC. Ó mú férémù kẹ̀kẹ́ àti dínámò kẹ̀kẹ́ kún un. Àwọn èèyàn ní orí rẹ̀ ti dàrú, ìyá rẹ̀ wà lára wọn. Gílóòbù kan ló kọ́kọ́ tàn, ó di mẹ́rin, ó ní suwíìṣì, ó tún ní ohun tó ń já iná bí wáyà bá gbóná, èyí tó wo bí aago iná ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó ṣe é. Kó tó pẹ́, àwọn ará abúlé ti tò sẹ́nu ọ̀nà wọn láti wá ṣáàjì fóònù.

Ẹ má jẹ́ kí fídíò yìí sáré kọjá lọ. Ibi mẹ́rin ló yẹ kí ẹ dá a dúró sí.

Àkọ́kọ́ ni òkèlè mẹ́ta. Kí olùtumọ̀ ṣàlàyé pé ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi ń ro nsima, pé ó jọ tùwó, kí ẹ wá dákẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí òkèlè kan ṣe tóbi tó ò nílò àlàyé mìíràn.

Ìkejì ni ilé ìkàwé. Ẹ bi ara yín: ní àdúgbò yìí, ibo ni ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti lè rí ìwé alàwòrán tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀? Ìbéèrè kọ́kọ́rọ́ yìí ló máa ń mú ìdáhùn gidi wá, torí lọ́pọ̀ ibi, ìwé wà, kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì pa.

Ìkẹta ni dínámò. Ẹ wá ọ̀kan lọ́dọ̀ alátùnṣe kẹ̀kẹ́, èyí tó rí bí ìgò kékeré, kí ẹ gbé e sórí tábìlì. Fólìtì 6, wáàtì 3 ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Ẹ so gílóòbù fólìtì 6 mọ́ ọn, ẹ yí táyà. Ẹ má fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì méjì dán an wò, nítorí kò tó fólìtì 3, bí táyà bá sì yára, á jó kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó rí i. Nígbà tí nǹkan yìí bá tàn, àwọn bàbá tó ti gun kẹ̀kẹ́ Raleigh rí ló máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ atọ́kùn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á.

Ìkẹrin ni ìyá rẹ̀. Bí ọmọ yín bá kúrò ní ilé-ìwé, tó ń kó irin ìdọ̀tí wọlé nígbà tí ebi ń pa ilé, kí lẹ máa sọ? Àwọn ìyá inú yàrá kì í gbà kí ọ̀dọ́ kankan fi ìyá Kamkwamba ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n sì jàre.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè tó ń pín yàrá sí méjì: ṣé ìforítì ọmọ yìí ló mú iná tàn, àbí ilé ìkàwé yẹn? Bí ìwé kan ṣoṣo yẹn ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Ọmọ mélòó ló ní ìforítì bíi tirẹ̀ tí kò rí ìwé? Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi "méjèèjì ni" parí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ mú ọ̀kan, kó gbèjà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2.

Bí ẹgbẹ́ bá ti mọwọ́ ara wọn, ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì tó kọjú ìjà síra wọn. Ìpàdé TEDGlobal, ìyẹn ìpàdé TED tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Amẹ́ríkà, tó wáyé ní Arusha, ní Tanzania, ní oṣù kẹfà ọdún 2007 ni ibi tó dáa jù láti wá a. Níbẹ̀ ni Andrew Mwenda, oníròyìn ará Uganda, ti sọ pé owó ìrànwọ́ tí òyìnbó ń fún Áfíríkà ń ba nǹkan jẹ́. Níbẹ̀ náà ni Ngozi Okonjo-Iweala, tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó Nàìjíríà rí, ti sọ ti àkókò ogun Biafra, bó ṣe pọn àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta tí ibà fẹ́ pa, tó fẹsẹ̀ rìn lọ bá dókítà. Ohun tó ń bá bọ̀ ni pé kò yẹ ká sọ ọ́ di ìrànwọ́ tàbí òwò, bí ẹni pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ pa èkejì. Ẹ gbọ́ Mwenda lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ gbọ́ Okonjo-Iweala lọ́sẹ̀ kejì. Lọ́sẹ̀ kejì yẹn, kí àwọn tó gbè sẹ́yìn Mwenda wá gbèjà Okonjo-Iweala, kí àwọn ti òdìkejì náà wá gbèjà Mwenda. Pípààrọ̀ ibi ìdúró yìí máa ń bí àwọn kan nínú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí èèyàn ti gbọ́ lágbọ̀ọ́tán kó tó dé ìjókòó. Èyí tí Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Apple sílẹ̀, sọ ní yunifásítì Stanford ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2005 ni olórí wọn. Ọ̀dọ́ kan á ní: "Ẹ ò rí Jobs, ó fi yunifásítì sílẹ̀, ó di olówó." Ẹ dá fídíò padà sẹ́yìn. Jobs fúnra rẹ̀ sọ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ní Reed College, òun kò forúkọ sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun tún wà níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 18 sí i, tí òun ń wọ kíláàsì tó wu òun, títí kan ti ọnà ìkọ̀wé. Ẹ̀kọ́ ló lọ kọ́, kò kàn sanwó rẹ̀ mọ́ ni. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn sí ẹni tó fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ kó lọ sùn.

Àwọn mìíràn sì wà tí ìmọ̀ ti kọjá wọn. Ní TEDGlobal 2012, Amy Cuddy, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn, sọ pé bí èèyàn bá dúró bí alágbára fún ìṣẹ́jú 2, ọwọ́ ní bàdí, àyà síta, họ́mọ́ọ̀nù inú ara rẹ̀ á yí padà, ìgboyà á sì pọ̀ sí i. Ìwádìí ọdún 2010 tó gbé ọ̀rọ̀ náà lé, èèyàn 42 péré ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́dún 2015, àwọn mìíràn fi èèyàn 200 dán an wò. Àwọn èèyàn náà ní àwọn gbọ́ agbára lára, àmọ́ họ́mọ́ọ̀nù wọn kò yí padà. Lọ́dún 2016, Dana Carney, tó wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí àkọ́kọ́, kọ ọ́ síta pé òun kò gbà mọ́ pé òótọ́ ni. Ẹni tó fi fídíò yìí ran ọmọ rẹ̀ lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò ṣe ohun burúkú. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó ń jókòó gbọ́rọ̀ yẹ kó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹnì kan máa ṣe ayẹ̀wò kí ìjókòó tó dé: ó máa tẹ orúkọ olùsọ̀rọ̀ àti ohun tó sọ sórí Google, ó máa wá ẹni tó ta kò ó, ó sì máa mú ìlà mẹ́ta péré wá. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yìí máa yí láàárín yín. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ṣe é ní gbogbo ìgbà, wọ́n á sọ ọ́ ní ọlọ́tẹ̀.

Adichie ní tiẹ̀, "The Danger of a Single Story," Oxford ọdún 2009 yẹn náà ni. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó sì ń bà á jẹ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn: a máa ń gbọ́ ọ bí ìdájọ́ lórí òyìnbó nìkan. Kì í ṣe òyìnbó ló fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ nípa bí a ṣe ń wo ẹlòmíràn. Fide ni, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nílé wọn. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá Adichie sọ fún wọn nípa Fide ni pé tálákà ni àwọn ará ilé rẹ̀; nígbà tí Adichie wá dé abúlé wọn, wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ ráfíà aláwọ̀ mèremère hàn án, tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Fide lọ́kùnrin hun, ẹnu sì yà á pé ẹnì kan nínú ilé náà lè ṣe nǹkan. Ẹ dá fídíò dúró níbẹ̀, kí ẹ béèrè: ta ni Fide tiwa? Mẹgàádì ẹnu géètì ńkọ́? Ọmọ Àgatú tó ń bá wa ro oko ńkọ́? Ọmọ Ègùn tó ń ta ẹja? Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tó mọ̀ nípa ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe ti òṣì, tí kì í sì í ṣe ti èdè tí wọ́n ń sọ kó-ǹ-kó. Ó máa ń pẹ́ kí ẹnì kan tó rí nǹkan sọ.

Yàrá, iná, ohùn

Ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká yára. Ohùn ṣe pàtàkì ju àwòrán lọ. Ilé tó bá jẹ́ páànù láìní síìlì, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ìjókòó ti parí, nítorí náà ẹ má fi irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe é láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Sípíkà kékeré méjì tó wà níwájú, tó ga dé ibi etí ẹni tó jókòó, sàn ju ẹyọ ńlá kan tí ẹ gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó jẹ́ pé àwọn ará iwájú nìkan ló ń gbọ́, tó ń di àwọn náà létí. Wáyà ni kí ẹ lò, kì í ṣe Bluetooth. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo fóònù, ẹ fi sí airplane mode, kí ìpè má baà já ọ̀rọ̀.

Ẹ ti gba fídíò sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ìṣẹ́jú 18 ní 360p lè gba MB 60 sí 80. Ohùn nìkan ní 64 kbps kò ju nǹkan bíi MB 9 lọ, èyí tí ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àwọn tí kò ní lè wá. Purojẹ́kítọ̀, láptọ́ọ̀pù àti sípíkà kékeré lápapọ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ wáàtì 500, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" lè gbé e, bí ẹ ò bá ti so fáànù àti fìríìjì onílé mọ́ ọn. Fi sítẹbiláísà sáàárín. Kí jẹnẹrétọ̀ wà níta gbangba lẹ́yìn ilé, kì í ṣe nínú kọ́rídọ̀, torí èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀. Lẹ́yìn ìjókòó, ẹ pa purojẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ dúró títí fáànù inú rẹ̀ yóò fi dákẹ́, kí ẹ tó pa jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá kánjú pa iná lójijì ló ń pa gílóòbù inú rẹ̀ kú láìtọ́jọ́. Bí ẹ ò bá tó 15, ẹ gbàgbé purojẹ́kítọ̀. Tẹlifíṣọ̀n inṣì 43 ti tó.

Ní ti òfin, TED gbà kí a fi fídíò wọn han èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ bí a bá dárúkọ wọn, wọn ò gbà kí a fi í pawó, wọn ò sì gbà kí a gé e tàbí kí a yí i ká gbé e jáde. Ẹ má gba owó ìwọlé, ẹ dáwó epo láàárín ara yín. Ẹ má sì pe ìjókòó yín ní TEDx, orúkọ tí TED ń fún ìpàdé tí àwọn ará ìta ṣètò fúnra wọn, nítorí ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń gba orúkọ yẹn.

Ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ìjókòó Yorùbá tí kò bá ṣọ́ra á di ayẹyẹ: tábìlì àwọn ọlọ́lá á jáde, alága á dé, wọ́n á ní kí àwọn ṣe "protocol", ìṣẹ́jú 40 ti lọ. Ẹ má gbé tábìlì kankan síwájú. Ẹ to àga bí ẹsẹ̀ ẹṣin, kí atọ́kùn jókòó sáàárín àwọn tó kù.

Bí àgbà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ tó máa sọ lẹ́yìn bàbá pé bàbá kò tọ̀nà. Nítorí náà, láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa gòkè: ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ló ń kọ́kọ́ sọ, àgbà ló ń kẹ́yìn. Àwọn àgbà kì í bínú sí èyí bí ẹ bá ti sọ fún wọn nílé ṣáájú pé àwọn ni yóò di ọ̀rọ̀ náà ní òkè. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ kàn ń tò ó bí òwe yẹn ṣe tò ó ni.

Bí fídíò bá tán, ẹ má béèrè "kí lẹ rò sí i?" Ìbéèrè yẹn ló ń bí àtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú 2 ní ìdákẹ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ohun kan tó gbà àti ohun kan tí kò gbà. Ẹni tí kò kàwé á sọ tirẹ̀ sí etí ẹnì kejì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí méjì-méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Àwọn obìnrin tó jókòó sẹ́yìn, tí wọn kì í dìde sọ̀rọ̀ nínú yàrá, níbí ni ọ̀rọ̀ wọn ti ń jáde, kí atọ́kùn sì máa rìn káàkiri láti gbọ́ ọ. Ìgbà yìí ni ẹ tó wá ṣí i fún gbogbo ilé, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ sì jẹ́: "Kí ló sọ gan-an?" Ẹ máa rí i pé èèyàn mẹ́ta gbọ́ nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó kàn ni: "Kí ló fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹ̀yìn ìyẹn ni: "Ta ni kò sí nínú ìtàn yẹn?"

Àkókò ńkọ́? Ẹ má fi aago sọ́wọ́ ọ̀dọ́. Ẹ fi sọ́wọ́ màmá àgbà kan tí gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún. Bí ọ̀dọ́ bá já bàbá lẹ́nu, ìjà ni. Bí màmá bá ní "Ẹ kú àlàyé o, ẹ jẹ́ kó kan àwọn yòókù," ẹ̀rín lásán ni, bàbá á sì jókòó. Ìṣẹ́jú 3 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan pásítọ̀ àti àlùfáà.

Irú ẹni méjì ló máa ń fẹ́ gba ìjókòó náà mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀kan fẹ́ sọ ọ́ di ìwàásù: bí iyèméjì kankan bá ti yọjú, ó ní kí ẹ fi sínú àdúrà. Kí atọ́kùn ní "àmín," kó sì padà síbi ìbéèrè láìfi àkókò ṣòfò. Èkejì wá tajà, ó ní ètò kan tí ẹ lè fi owó kékeré wọ̀, kí ẹ mú ẹni méjì-méjì wá. Òun ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí èèyàn tí ọ̀rọ̀ ìwúrí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná lára rẹ̀ ló rọrùn jù lọ láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó wà nínú òfin ìjókòó yín láti ọjọ́ kìíní pé a kì í ta nǹkan níbẹ̀, a kì í sì í gba nọ́ńbà fóònù ara wa fún òwò.

Ní ti ìtumọ̀, fídíò ìṣẹ́jú 18 tí ẹ bá ń dá dúró fún olùtumọ̀ á di ìṣẹ́jú 40. Kí olùtumọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì nílé, kó kọ orúkọ àti iye owó sílẹ̀, kó sì wá ọ̀rọ̀ tó máa fi pe àwọn nǹkan inú rẹ̀. Ibi tí ẹ máa dá dúró ni ìparí èrò, kì í ṣe gbogbo gbólóhùn. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó. Àwàdà olùsọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá sí èdè wa. Kí olùtumọ̀ kàn ní "ó ṣe àwàdà níbẹ̀" kó máa lọ, ó sàn ju kó máa ṣàlàyé ohun tó pa òyìnbó lẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú 3.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ní ẹni tó mọ Yorùbá kọ dáadáa, ẹ lè lọ síwájú. Láti ọdún 2009 ni TED ti ní ètò àwọn atúmọ̀ tó ń fi ọ̀fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò. Ẹnì kan á tú u, ẹlòmíràn á yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà kan kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, kíkà rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 21 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí máa ń ni Yorùbá lára ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí kọ̀ǹpútà lè ka "ọ̀" sí lẹ́tà méjì, ọ̀tọ̀ ni "ọ" ọ̀tọ̀ ni àmì orí rẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn yọ àmì ohùn kúrò. Gbólóhùn ni kí ẹ gé kúrú.

Kí ìwé kan wà tí ẹ ń kọ nǹkan sí: ọjọ́, orúkọ olùsọ̀rọ̀, ìbéèrè tó pín yàrá, àti ohun kan tí ẹnì kan ní òun máa dán wò. Ohun tí ẹni náà bá ní òun máa dán wò yẹn lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ ìjókòó tó kàn, kí fídíò kankan tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìjókòó bá ti pé márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹni àdúgbò dìde sọ tirẹ̀, fún ìṣẹ́jú 8. Ẹ má wá ẹni tó lẹ́nu. Ẹ wá ẹni tó mọ nǹkan ṣe. Ìyá tó ń ṣe gàrí lè má fẹ́ "ṣe lẹ́kíṣọ̀," àmọ́ bí ẹ bá ní kó gbé àpò ẹ̀gẹ́ rírìn wá, kó fi hàn yín bó ṣe ń mọ̀ pé ó ti kan tó, kó sọ ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lábẹ́ jáàkì kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta, àti bí oró inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá kánjú yan ṣe lè kù nínú gàrí, ìṣẹ́jú 8 ò ní tó o. Ẹ lọ bá a nílé lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ náà tó dé, kí ẹ bi í léèrè ìgbà tí gàrí bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ àti ohun tó fà á; ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lẹ máa bi í ní ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹ ṣe ń bi àwọn olùsọ̀rọ̀ òkè òkun: kí ló fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni?

Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ di fóònù mú ní ìbú, kí ẹ má jìnnà sí i ju apá kan ààbọ̀ lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó gbọ́ ọ tán kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó gbọ́ ọ. Bó bá ní kí ẹ yọ ibi tó ti dárúkọ ẹni tó ń ta ẹ̀gẹ́ fún òun, ẹ yọ ọ́ kó tó dé orí WhatsApp.